Ẹ Jẹ́ Kí Bírékì Sọ Ibi Tó Ń Dùn Ún

Nínú gbogbo iṣẹ́ mẹkáníìkì, iṣẹ́ bírékì ni mo yàn láàyò. Nínú bírékì náà, màsítà ni, ẹ̀yà tó ń ti ọ́ìlì lọ sí bírékì táyà tí a bá tẹ pẹ́dà. Ní Siporex, ní Yopougon ní Abidjan tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn Toyota HiAce àtijọ́ wà lára gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré akérò, tó ń ná ọ̀nà Adjamé, àlòkù “France au revoir” tí ọkọ̀ ojú omi kó wá láti Yúróòpù. Tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Siporex, títì á dà gẹ̀rẹ́ lọ sí àfonífojì Banco, èrò á sì kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ta ló máa fọwọ́ yẹpẹrẹ mú pẹ́dà tó rọ̀?

Ohun tí àwọn awakọ̀ sábà máa ń gbé wá bá mi ni pé: “Ọ̀gá, màsítà tuntun ni mo rà, pẹ́dà ṣì ń balẹ̀.” Wọ́n á ti múra láti ra òmíràn. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi owó wọn sápò ná.

Ọ̀gá mi, ọmọ Èjìgbò bíi tèmi, ló kọ́ mi ní àyẹ̀wò tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ́ńjìnnì á wà ní pípa. A ó tú àwọn páìpù tó jáde lára màsítà, a ó wá fi bóòtì tó bá ihò wọn mu gẹ́lẹ́ dí wọn pa, kí ọ́ìlì má ríbi gbà. Ká wá tẹ pẹ́dà. Tó bá le gbagidi lókè, tí kò sì lọ síbì kankan, màsítà kò jẹ̀bi: afẹ́fẹ́ wà nínú páìpù, tàbí kí bírékì ẹ̀yìn ti jìnnà sí dírọ́ọ̀mù, tàbí kí afẹ́fẹ́ há sínú fáàfù tó ń wo bí ẹrù ṣe wúwo tó lẹ́yìn ọkọ̀. Tó bá ń rọ̀ tó sì ń ta padà, inú màsítà gan-an ni afẹ́fẹ́ wà. Ẹni tó dè é kò kọ́kọ́ gbé e sí fáìsì, kó bu ọ́ìlì sí i, kó máa ti písítọ̀n rẹ̀ títí afẹ́fẹ́ yóò fi tán. Tó bá kọ́kọ́ le, tó wá ń rì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, rọ́bà inú rẹ̀ ti ń gba ọ́ìlì kọjá. Ẹ ò ní rí ọ́ìlì nílẹ̀ o, torí agolo rẹ̀ ló ń padà sí. Tuntun ni, ṣùgbọ́n kò dára. Àyẹ̀wò kan ṣoṣo, ó sì ti pa ẹjọ́ yìí sí méjì! Orí mi máa ń wú sí i títí di òní.

Àìsàn kejì ni bírékì tó ń di táyà mú, tí ìrìn díẹ̀ á ti mú kó gbóná. Ọ̀pá tó ti inú bóòsítà, ẹ̀yà tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bírékì, wá ló sábà máa ń gùn jù fún màsítà tuntun. Písítọ̀n kò ní lè padà sẹ́yìn tán, á bo ihò kékeré tí ọ́ìlì ń gbà padà. Ẹ dẹ nọ́ọ̀tì méjèèjì tó so màsítà mọ́ bóòsítà, kí ẹ fà á síwájú díẹ̀. Tí táyà bá yí fàlàlà, ọ̀pá náà ni.

Ẹ wo nọ́ńbà ara màsítà pẹ̀lú. Èyí tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 20.6 àti èyí tó fẹ̀ tó 22.2 lè jọra lójú bí ìbejì, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún tẹ ti ńlá náà ju ti kékeré lọ kí bírékì tó mú bákan náà.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì kò gùn: DOT 3 ń mu omi inú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ Abidjan sì kún fún ọ̀rinrin nítorí ọ̀sà. Tuntun rẹ̀ kì í hó kó tó dé ìwọ̀n 205 ní Celsius. Tó bá ti mu omi, ó lè hó ní 140. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀ máa ń mú rọ́bà wú, á sì ba màsítà jẹ́ pátápátá.

Ẹ̀yin onígbaka, ẹ mú màsítà àtijọ́ dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta páàtì. Tí wọ́n bá sì ní kí ẹ ra ìkejì, ẹ sọ fún mẹkáníìkì yín pé kó kọ́kọ́ dí ihò èyí tó wà lára ọkọ̀, kó tẹ pẹ́dà lójú yín.