Ta Ló Ń Sáré Nínú Fídíò Yẹn?

Nínú fídíò GOFAST, tí ọkọ̀ òfurufú àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà yà lọ́dún 2015, nǹkan funfun bíńtín kan ń fò fìà lórí òkun, bí ẹni pé yóò kan omi. Ohùn àwọn awakọ̀ ń ta sókè pẹ̀lú ìyanu. Nígbà tí ìjọba fọwọ́ sí i pé kí fídíò náà jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2020, kò sí irú ìtumọ̀ tí aráyé ò fún un.

Àwọn tó tú u wò wù mí gan-an. Wọn ò kọ́kọ́ bi ara wọn pé kí ni nǹkan náà. Etí àwòrán ni wọ́n tẹjú mọ́, níbi tí ẹ̀rọ kọ nọ́ńbà sí. Ọkọ̀ wà lókè ní ẹsẹ̀ bàtà 25,000. Kámẹ́rà dojú kọlẹ̀ ní dígírì 35. Láti kámẹ́rà dé ara nǹkan náà jẹ́ máìlì ojú omi 3.4, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 20,660. Ìṣirò tó kù, ọmọ girama lè ṣe é: fi sáìnì 35 ṣe ìlọ́po rẹ̀, wàá rí nǹkan bí 11,850; yọ ìyẹn kúrò nínú 25,000. Ó ku bí 13,000. Nǹkan náà jìnnà sí òkun pátápátá!

Eré wo ló wá ń sá? Lọ́jọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá sí, jókòó sẹ́bàá fèrèsé dánfó láti Ketu lọ sí Mile 12, kí o tẹjú mọ́ òpó iná kan lẹ́bàá títì. Àwọn ilé ẹ̀yìn òpó náà á máa sá kọjá lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òpó ò rìn, ilé ò rìn. Bí kámẹ́rà yẹn ṣe dì mọ́ nǹkan náà nìyẹn, tí òkun ń ya lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sá máìlì 435 ní wákàtí kan.

Ìgbìmọ̀ olómìnira tí NASA gbé kalẹ̀ wọn ìṣẹ́jú àáyá 22 nínú fídíò náà, wọ́n sì gbé èsì jáde lọ́dún 2023: nǹkan náà rìn bíi mítà 390, ìyẹn máìlì 40 ní wákàtí. Atẹ́gùn ibi gíga yẹn tó gbé nǹkan lọ bẹ́ẹ̀. Lóṣù kọkànlá ọdún 2024, Jon Kosloski, ọ̀gá AARO, ẹ̀ka tí iléeṣẹ́ ètò ààbò Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ lọ́dún 2022 fún irú ìwádìí yìí, sọ níwájú àwọn aṣòfin àgbà pé ìṣirò tiwọn náà gbé e sí bí ẹsẹ̀ bàtà 13,000.

Wọn ò pè é ní ẹyẹ, wọn ò pè é ní bàlúùnù. Nọ́ńbà etí àwòrán lè sọ ibi tí nǹkan wà àti eré tó ń sá. Kò lè sọ orúkọ rẹ̀, wọn ò sì fún un lórúkọ.