Níbo Ni Ilé Rẹ Wà? Àgbéyẹ̀wò Ìlànà Ìgbaniwọlé àti Ìsanwó fún Olùṣẹ̀dá Áàpù Aládàáni ní Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀

1. Ìfáàrà

Ohun tí pépà yìí dá lé ni àwọn ìlànà tí ó ń sọ irú ẹni tí ó lè gbé áàpù wọ ọjà orí fóònù, àti bí ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Áàpù tí a ń wí ni ètò iṣẹ́ tí a ń gbé sórí fóònù láti fi ṣe ohun kan pàtó, bí ìwé kíkà, ìṣirò owó tàbí eré ìdárayá. Olùṣẹ̀dá aládàáni ni ẹni tí ó ń dá áàpù ṣe fúnra rẹ̀, tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa béèrè pé, kí ni ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ owó àti fóònù? Ìdáhùn wa ni pé ohun kíkọ sílẹ̀ ni àwọn ìlànà wọ̀nyí kí a tó pè wọ́n ní òfin. Ẹnì kan ni ó kọ wọ́n. Ó ní irú ẹni tí ó fọkàn sí nígbà tí ó ń kọ wọ́n. Ó yan ọ̀rọ̀ kan, ó sì fi òmíràn sílẹ̀. Bí lámèyítọ́ bá lè bi ìtàn àròsọ pé ta ni ó ń sọ̀rọ̀ àti ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀, kò sí ohun tí ó ní kí a má bi ìwé àdéhùn ní ìbéèrè kan náà.

Èrò tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìlànà tí a pè ní ìlànà ìsanwó yìí, ọ̀rọ̀ ilé ni ó ń sọ ju ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lọ. Ilé tí ó sì ní lọ́kàn kì í ṣe irú èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń gbé ní Mowé, Ìbàfò àti Ìfọ̀.

2. Bí ọjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù keje ọdún 2008 ni ilé-iṣẹ́ Apple ṣí ọjà áàpù rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni Google ṣí tirẹ̀, tí a ń pè ní Android Market nígbà náà, tí ó di Google Play ní ọdún 2012. Dọ́là 99 ni Apple ń gbà lọ́wọ́ olùṣẹ̀dá lọ́dọọdún. Dọ́là 25 ni Google ń gbà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Nínú owó tí oníbàárà bá san, ìdá 70 nínú 100 ni ti olùṣẹ̀dá, ọlọ́jà a sì mú ìdá 30. Ní ọdún 2021 ni àwọn méjèèjì dín ìpín tiwọn kù sí ìdá 15 fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀: dọ́là mílíọ̀nù kan lọ́dún ni wọ́n fi ṣe ààlà.

Àwọn ènìyàn yin ìyípadà ti ọdún 2021 yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti wọlé tí ó ń gba owó ni ìpín wà fún. Ìbéèrè tí ó ṣáájú ni pé, ta ni ó wọlé? Ní ọdún 2009 ni Google bẹ̀rẹ̀ sí í gba títà áàpù fún owó, ṣùgbọ́n títí wọ ọdún 2010, orílẹ̀-èdè 9 péré ni olùṣẹ̀dá ti lè tà. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2010, iye náà ti di 29. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan ṣoṣo nínú wọn. Lẹ́yìn ìgbà náà ni Nàìjíríà tó wọ inú àkọsílẹ̀ náà. Èyí fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni a ti ń fi ibi tí ènìyàn wà yẹ ẹ́ wò kí a tó wo ohun tí ó ṣe.

3. ‘Ìwọ’ inú ìwé àdéhùn

Bí a bá ka ìwé àdéhùn Google Play fún àwọn olùṣẹ̀dá láti òkè dé ìsàlẹ̀, a óò rí i pé ẹni méjì ni ó wà níbẹ̀: ilé-iṣẹ́ àti ẹni tí a ń pè ní ‘ìwọ’. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fún àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Ilé-iṣẹ́ ‘lè’ dá owó dúró, ó ‘lè’ yọ áàpù kúrò lórí àtẹ, ó sì ‘lè’ yí àdéhùn padà lẹ́yìn ìkìlọ̀. Ìwọ ‘gbọ́dọ̀’ fi orúkọ rẹ sílẹ̀, o ‘gbọ́dọ̀’ sọ òtítọ́ nípa àdírẹ́sì rẹ, o sì ‘gbọ́dọ̀’ san owó orí tí ó bá kàn ọ́. Bí ìyípadà àdéhùn kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ohun kan ṣoṣo tí ó kù fún ọ ni pé kí o kó ọjà rẹ kúrò. ‘Lè’ ni ó wà lápá kan, ‘gbọ́dọ̀’ ni ó wà lápá kejì. Ẹni tí ó bá mọ bí alága ọjà ṣe ń bá àlejò oníṣòwò sọ̀rọ̀ yóò mọ ohùn yìí.

Kókó kejì ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tí ìwé náà lò ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò fi hàn bóyá ẹnì kan ni tàbí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, a ní láti kọ́kọ́ pinnu: ṣé ‘ìwọ’ ni àbí ‘ẹ̀yin’? Ọ̀dọ́ kan tí ó jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Ìbàfò jẹ́ ‘ìwọ’. Ilé-iṣẹ́ tí ó ní agbẹjọ́rò àti akọ̀wé owó jẹ́ ‘ẹ̀yin’. Ìwé náà da àwọn méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọgbọọgba ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹrù tí ó gbé lé wọn lórí yàtọ̀.

Àpẹẹrẹ kan yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣí àkáǹtì ti ara ẹni lẹ́yìn ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá ọdún 2023 ní láti kó ènìyàn 20 jọ tí yóò fi ọjọ́ 14 gbáko dán áàpù rẹ̀ wò kí a tó gbà á sórí àtẹ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024 ni a dín iye náà kù sí 12. Òfin yìí kò kan àkáǹtì ilé-iṣẹ́. Òtítọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ ní ẹrù tirẹ̀, nítorí pé láti ọdún 2023 ni a ti ń béèrè nọ́ńbà D-U-N-S lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ìwé ni a bi ‘ẹ̀yin’. Ènìyàn ni a bi ‘ìwọ’, ẹni tí ó ń dá ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe àjòjì nìkan ni ó ń ṣe èyí. Òfin tí Nàìjíríà ṣe fún ilé-iṣẹ́ tuntun, èyí tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, kì í fún ẹni tí kò ní ilé-iṣẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ ní àmì ìdánimọ̀ tí àǹfààní òfin náà rọ̀ mọ́. Nílé àti lóko, ‘ẹ̀yin’ ni òfin mọ̀.

4. Ọ̀rọ̀ ilé

Mowé àti Ìbàfò wà lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí a ṣí ní ọdún 1978, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé. Ìfọ̀ wà lójú ọ̀nà àtijọ́ tí ó lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta, ojú irin sì gba ibẹ̀ kọjá. Ohun tí ó so ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé ẹni tí owó ilé Èkó bá ti pá lórí a máa wá ilẹ̀ tàbí yàrá síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé wà níbẹ̀ pẹ̀lú: láti ọdún 2015 ni Ìbàfò ti ní Yunifásítì Mountain Top, tí Mowé sì ti ní Yunifásítì Christopher.

Ní irú àdúgbò tuntun bẹ́ẹ̀, ilé a máa ṣáájú títì, títì a sì máa ṣáájú orúkọ. Bí ẹnì kan bá fẹ́ júwe ilé rẹ̀, yóò ní kí o sọ̀kalẹ̀ níwájú ilé epo, kí o gun ọ̀kadà, kí o béèrè ilé alágbàdo, kí o sì wo géètì dúdú tí ó kọjú sí mọ́ṣáláṣí. Ìjúwe yìí kò ní àṣìṣe. Yóò mú àlejò dé ilé. Ṣùgbọ́n kò ṣeé kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí fọ́ọ̀mù ń béèrè. Ọ̀pọ̀ olùṣẹ̀dá aládàáni ni kì í ta áàpù. Ìpolówó ọjà ni wọ́n ń gbà sínú rẹ̀ nípasẹ̀ AdMob tí í ṣe ti Google. Nígbà tí owó náà bá tó dọ́là 10, Google yóò fi nọ́ńbà kan sínú lẹ́tà, yóò sì fi póòsì ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì olùṣẹ̀dá. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni wọ́n ní kí a máa retí rẹ̀. Bí a kò bá tẹ nọ́ńbà náà wọlé, owó kò ní jáde. Òtítọ́ ni pé bí a bá ti béèrè lẹ́tà náà léraléra tí kò dé, àyè wà láti fi ìwé ìdánimọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ni ìwé náà tún ní láti fi hàn. Ìlẹ̀kùn méjèèjì, kọ́kọ́rọ́ kan náà ni ó ṣí wọn.

Ohun kan tún wà. Ẹni tí ó bá ń fi àkáǹtì ti ara rẹ̀ pa owó lórí Google Play, gbogbo àdírẹ́sì rẹ̀ ni a óò gbé síta fún aráyé rí. Ilé-iṣẹ́ tí ó ní ọ́fíìsì kò ní ohun tí ó máa fi èyí ṣe. Ẹni tí ń gbé yàrá kan lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ ní Ìfọ̀, ilé òbí rẹ̀ ni ó gbé síta yẹn. Nítorí náà, ilé tí kò hàn tó láti gba lẹ́tà gbọ́dọ̀ hàn sí gbogbo ayé kí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ tó gba owó.

5. Ọ̀rọ̀ owó àti àkókò

Dọ́là 100 ni owó AdMob gbọ́dọ̀ pé kí a tó san án. Ká ní áàpù kan ń pa dọ́là 3 lóṣù. Ní oṣù kẹrin ni owó rẹ̀ yóò ju dọ́là 10 lọ tí lẹ́tà yóò fi bọ́ sójú ọ̀nà; ní oṣù kẹrìnlélọ́gbọ̀n ni yóò tó ju dọ́là 100 lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́ta. Ní gbogbo àkókò yẹn, iṣẹ́ ti ṣe, àwọn ènìyàn ti lò ó, owó sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Owó ìwọlé pàápàá kò rọrùn. Ní ọdún 2022, àwọn báńkì kan dín iye tí ènìyàn lè fi káàdì náírà ná ní òkè òkun kù sí dọ́là 20 lóṣù, bẹ́ẹ̀ dọ́là 25 ni ẹnu ọ̀nà Google. Nígbà tí ìjọba sì jọ̀wọ́ iye náírà fún ọjà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là 25 tí kò tó ₦12,000 ní iye ìjọba tẹ́lẹ̀ ti ju ₦37,000 lọ ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Ní ìgbà náà, dọ́là 99 ti Apple ju owó oṣù méjì lọ fún òṣìṣẹ́ tí ń gba ₦70,000 tí òfin fi lélẹ̀ ní ọdún 2024. A kò gbàgbé pé ẹni tí ó bá gba dọ́là jàǹfààní nínú ìyípadà yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà á ni. Ẹni tí ń dúró de lẹ́tà kò tíì sí nínú wọn.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ronú àtiyá orúkọ àti àdírẹ́sì ìbátan tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Èkó. Lójú ìwé àdéhùn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí àkáǹtì ni olówó iṣẹ́. Ẹni tí ó kọ áàpù náà ti di ọmọ iṣẹ́ lórí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

6. Àwíjàre àti èsì

Kò yẹ kí lámèyítọ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ní ìdí. Gbájú-ẹ̀ ń ṣe áàpù tí ó ń jí owó ènìyàn. Ẹnì kan a máa ṣí ọgọ́rùn-ún àkáǹtì lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Oníbàárà tí a bá rẹ́ jẹ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí yóò ti rí ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ. A fara mọ́ èyí pátápátá.

Ibi tí a kò ti fara mọ́ wọn ni pé ìbéèrè méjì ni wọ́n sọ di ọ̀kan. ‘Ta ni ọ́?’ yàtọ̀ sí ‘Níbo ni ilé rẹ wà?’ Àwọn baba wa náà kì í fi owó tàbí iṣẹ́ lé ẹni tí a kò mọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá bi àlejò pé ọmọ ilé ta ni, kì í ṣe iye tí a kọ sára ògiri ni wọ́n ń béèrè, bí kò ṣe àwọn ènìyàn tí yóò jẹ́rìí rẹ̀. Onígbọ̀wọ́ ni ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ẹgbẹ́ èésú àti lọ́dọ̀ ọ̀gá tí ń gba ọmọ iṣẹ́ títí di òní. Láti ọdún 2014 sì ni báńkì Nàìjíríà ti ní nọ́ńbà BVN, tí ó so orúkọ, ojú àti ìka ọwọ́ ènìyàn pọ̀. Ẹni tí ó ní i ti dáhùn ‘Ta ni ọ́?’ kí a tó dé ọ̀rọ̀ títì àti nọ́ńbà ilé.

7. Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìlànà ìsanwó àwọn ọjà áàpù ní ẹni tí ó fọkàn sí: ẹni tí ilé rẹ̀ ní nọ́ńbà, tí káàdì rẹ̀ ń ná dọ́là, tí kò sì kánjú gba owó. Ìwé náà kò sọ pé òun kò fẹ́ ọmọ Mowé. Kò ní láti sọ ọ́. Fọ́ọ̀mù ni ó ń bá a sọ ọ́.

Àbá wa mẹ́ta ni ìwọ̀nyí. Èkíní, kí àwọn ilé-iṣẹ́ náà gba ẹ̀rí báńkì tàbí ti onígbọ̀wọ́ dípò lẹ́tà, kí wọ́n sì fi àdírẹ́sì ẹni aládàáni pa mọ́ títí ẹjọ́ yóò fi dé. Èkejì, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ méjèèjì tí ọ̀rọ̀ yìí kàn sọ títì lórúkọ, kí wọ́n sì fún ilé ní nọ́ńbà. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ Google. Ẹ̀kẹta kan àwa fúnra wa: kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè máa túmọ̀ irú ìwé àdéhùn wọ̀nyí, kí a sì máa jíròrò lórí wọn. Ẹni tí ó bá tẹ ‘mo gbà’ lórí ohun tí kò yé e ti fọwọ́ sí i ná. Ó yẹ kí ó mọ̀, kí ó tó tẹ̀ ẹ́, bóyá ‘ìwọ’ ni wọ́n ń bá wí tàbí ‘ẹ̀yin’.