Google Kọ́ Ló Gbẹ́ Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́

Tí a bá fa ọ̀rọ̀ yọ látinú ìwé, a máa ń kọ orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti ojú ìwé. Àmọ́ tó bá di ti àwòrán, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá ní yunifásítì, "Orísun: Google" ni wọ́n máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀, ó parí. Ta ni Google yẹn gan-an? Ṣé òun ló di kámẹ́rà mú ni, àbí òun ló gbẹ́ igi?

Ẹ wo ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ní 1924, wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, nílùú London. British Museum fẹ́ ẹ, wọ́n sì fi àga ọba tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí fọ́tò rẹ̀ níbi tí wọ́n kàn kọ "ilẹ̀kùn Yorùbá" sí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì nìkan. Òyìnbó aṣojú ìjọba wà lára ilẹ̀kùn náà, tí wọ́n gbé e wá bá Ògògà. Ẹni tí kò mọ ọdún àti orúkọ á pè é ní "àṣà àtijọ́", bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ayé Ọlọ́wẹ̀ ló gbẹ́ síbẹ̀.

Ayafọ́tò náà ńkọ́? Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ àwọn ènìyàn yẹn yọ síta dáadáa. Tí ayafọ́tò bá dúró síwájú tààrà, wọ́n á dà bí ohun pẹlẹbẹ. Ojú tirẹ̀ la fi ń wò ó, torí náà ó yẹ ká dárúkọ òun náà.

Kò le rárá: orúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́, orúkọ iṣẹ́, ọdún, ohun tó fi ṣe é, ibi tó wà. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ya fọ́tò, líǹkì, àti ọjọ́ tí o wò ó. Tó ò bá rí orúkọ, kọ ọ́ pé o ò rí i. Ìyẹn náà jẹ́ òótọ́.

Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀, ó ń dárúkọ ibi tí iṣẹ́ ọkọ òun wà. Ìyá yẹn ò lo APA, wọn ò lo MLA. Wọ́n ṣáà dárúkọ.