Waldzither Tún Ti Ń Dún

Ẹ gbé waldzither, ohun èlò orin olókùn ti ilẹ̀ Jámánì, lé itan, kí ẹ fi àtàǹpàkò gbá gbogbo okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láì tẹ ibì kankan lọ́rùn rẹ̀: orin ti dé nìyẹn. Okùn mẹ́sàn-án ló ní, irin sì ni gbogbo wọn. Èyí tí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ jù lọ dá dúró, àwọn mẹ́jọ yòókù tò ní méjì-méjì, ohùn kan náà ni méjì-méjì ọ̀hún sì ń dún. C, G, C, E, G la máa ń tún wọn ṣe sí, ìdí nìyẹn tí ohùn wọn fi ń bára mu kí ọwọ́ òsì tó ṣe ohunkóhun. Ohun tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyí. Ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú ọwọ́ tó ti le lè gbé e, kí ó sì bá àwọn ará ilé rẹ̀ kọrin ní alẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ta àwọn baba ńlá rẹ̀. Ìdílé tí wọ́n ń pè ní cister ló ti wá, ẹ̀yìn wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, okùn wọn jẹ́ irin, àyà wọn sì rí bí ẹ̀kán omi. Yúróòpù kún fún wọn ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Nígbà tí àwọn ará ìlú ńlá pa wọ́n tì, àwọn ará òkè Thüringen àti Harz ní Jámánì kò jọ̀wọ́ tiwọn, pàápàá àwọn awakùsà. Ní nǹkan bí ọdún 1900 ni èyí tí a mọ̀ lónìí gba orúkọ rẹ̀, tí C. H. Böhm sì ń ṣe é ní Hamburg. Àwọn ọ̀dọ́ Wandervogel, ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò inú igbó tó bẹ̀rẹ̀ ní Steglitz lẹ́bàá Berlin ní 1901, gbé e kọ́ èjìká.

Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé Martin Luther ta irú rẹ̀ nígbà tó fara pamọ́ sí ilé olódi Wartburg ní 1521. Luther mọ orin lóòótọ́, ohun èlò olókùn mìíràn tí wọ́n ń pè ní lute ló sì ń ta. Ní tèmi, kí a fi ìtàn yẹn sílẹ̀. Orúkọ àwọn awakùsà tó fún ohun èlò yìí láti fi yangàn.

Ohun tó fẹ́ pa á kì í ṣe pé kò dùn. Ìjọba Hitler ti fi orin ìbílẹ̀ ṣe ìpolongo tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé, lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò fẹ́ gbọ́ orin àwọn òbí wọn sétí mọ́. Àwọn tó kóra jọ ní ilé olódi Burg Waldeck ní Jámánì láàárín 1964 sí 1969 láti wá orin tí kò ní àbùkù padà, gìtá ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Waldzither ti bá eruku gbé inú àjà.

Inú àjà yẹn náà la ti ń kó wọn jáde báyìí, tàbí kí a rà wọ́n ní ọjà àlòkù. Bí mo bá gba ọ̀kan, ọrùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, nítorí agbára okùn mẹ́sàn-án lè ti tẹ̀ ẹ́ síwájú. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fọwọ́ pa àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn náà. Níbi tí ìka ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti jẹ wọ́n, a ti mọ orin tó fẹ́ràn.

Títún ohùn rẹ̀ ṣe ló gba sùúrù. Ẹ fa okùn méjì tó jọ wà pa pọ̀. Bí wọn kò bá tíì dọ́gba, ohùn wọn á máa gbọ̀n, wọ̀ọ̀n-wọ̀ọ̀n-wọ̀ọ̀n. Ẹ yí skúrù ọ̀kan díẹ̀, ìgbọ̀n náà á falẹ̀. Ẹ tún yí i díẹ̀ sí i, á falẹ̀ sí i, títí okùn méjèèjì á fi di ẹyọ kan tó dán yanran. Ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn wà lónìí, mo sì mọ̀ pé ó ń yára. Etí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ tó wá bá mi láti lò, nítorí etí tó ti mọ ìgbọ̀n yẹn ni yóò mọ ìgbà tí akọrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ṣì ohùn.

Àwọn ọ̀dọ́ kan ń yí ohùn okùn wọn padà kí wọ́n lè fi ta orin ijó àwọn ará Ireland, inú àwọn àgbà kan kò sì dùn sí i. Tèmi dùn. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tún ti ń gbẹ́ tuntun, ìyẹn sì ń gba àwọn ògbólógbòó lọ́wọ́ iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí àwọn tí a jọ ń jókòó kọrin: ohùn waldzither kò pariwo, bí gìtá mẹ́ta bá sì wà nínú yàrá, kí méjì dákun sinmi fún orin bíi mélòó kan.