Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Àríwísí lórí Fáìlì fstab

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi yẹ fáìlì kékeré kan wò, èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux. fstab ni orúkọ rẹ̀.

Lórí Linux, díìsìkì kì í ní lẹ́tà bíi C tàbí D ti Windows. Fódà kan ni a máa ń so ó mọ́ kí a tó lè rí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá tan kọ̀ǹpútà, fstab ni ó máa ń kà láti mọ díìsìkì tí yóò so àti fódà tí yóò so ó mọ́.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ yìn ín. Ọ̀rọ̀ lásán ni ó wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni lè ṣí i kà. Ó tún gbà kí a fi UUID pe díìsìkì. Orúkọ bíi sdb1 dà bí ipò ọmọ lórí ìlà àárọ̀: bí ẹlòmíràn bá wọ ìlà, ipò lè yí padà. UUID dà bíi nọ́ńbà ìdánwò, kì í kúrò lára ẹni tí ó ni ín.

Ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ kò kéré. Lórí Ubuntu àti Debian, bí díìsìkì tí a kọ sínú fstab kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò dúró dè é fún ìṣẹ́jú àáyá 90, lẹ́yìn náà yóò kọ̀ láti tàn dé ibi tí a ti lè lò ó. Ojú rẹ̀ yóò dúdú, yóò ní kí a tẹ journalctl -xb. Ta ni yóò yé nínú akẹ́kọ̀ọ́? Ẹ wo kíláàsì tí ọmọ 40 ń pín kọ̀ǹpútà 10. Ẹnì kan yọ díìsìkì fíìmù lásán, iṣẹ́ ọjọ́ náà sì bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà kò ṣàìsàn rárá.

Àwọn kan yóò ní ó tọ́ kí ó dúró. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ díìsìkì tí ilé ìfowópamọ́ ń kọ àkọsílẹ̀ sí: bí kọ̀ǹpútà bá ń bá iṣẹ́ lọ láìsí i, inú fódà òfìfo ni àkọsílẹ̀ yóò máa bọ́ sí. Ṣùgbọ́n díìsìkì fíìmù kì í ṣe ti báńkì. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀, òun ni nofail. Bí a bá kọ ọ́ sórí ìlà díìsìkì náà, kọ̀ǹpútà yóò tàn láìsí i. Ohun tí mo bá fstab wí fún ni pé ẹni tí kò bá mọ ọ̀rọ̀ yìí kò ní rí àánú gbà.

Nítorí náà, kí àwọn tí ó ń to kọ̀ǹpútà sí ilé-ẹ̀kọ́ wa kọ nofail sí ìlà gbogbo díìsìkì tí ọwọ́ lè yọ, kí wọ́n sì fi mount -a dán ìlà náà wò kí wọ́n tó lọ. fstab wúlò, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín orí fífọ́ àti ikú.