Òkúta Tí A Kò Fi Ọ̀bẹ Gbẹ́

Bí àwọn òǹkọ̀wé bá ń sọ̀rọ̀ nípa jéèdì, òkúta iyebíye tí àwọn ará Ṣáínà fẹ́ràn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọn a máa ní ńṣe ni àwọn oníṣẹ́-ọnà àtijọ́ ‘gbẹ́’ ẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kò bá iṣẹ́ náà mu. Igi ni à ń gbẹ́, nítorí pé ọ̀bẹ le ju igi lọ. Jéèdì le ju irin lásán lọ, ó sì yi. Lílọ̀ ni wọ́n ń lọ̀ ọ́.

Iyanrìn ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an. Oníṣẹ́ a po iyanrìn líle mọ́ omi, a wá máa fi okùn fà á síwá sẹ́yìn lórí òkúta títí yóò fi rẹ́ ẹ sí méjì. Bí ó bá fẹ́ lu ihò, ọ̀pá oníhò bí ọparun ni yóò máa yí lórí iyanrìn náà, láti òkè àti láti ìsàlẹ̀. Bí ihò méjèèjì kò bá pàdé dọ́gba, àpá rẹ̀ a hàn títí ayé.

Ẹ wo cong kan tí a hú jáde ní Fanshan, ní agbègbè Zhejiang, ní ọdún 1986. Òpó kúkúrú onígun mẹ́rin ni, ihò róbótó sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Àwọn ará Liangzhu ni ó ṣe é ní nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn. Kò ga tó sẹ̀ǹtímítà 9, ṣùgbọ́n ó wúwo ju kílò 6 lọ. Wọ́n fín àwòrán ẹni tí ó dé adé ìyẹ́ sí i lára, ìlà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, láìsí irin, láìsí idẹ.

Ẹ fi wé òkè jéèdì tí Ọba Qianlong ní kí wọ́n ṣe, tí wọ́n parí ní ọdún 1787, tí ó wà ní ààfin àtijọ́ ní Beijing. Ó wúwo tó nǹkan bí kílò 5,000. Ìtóbi rẹ̀ ya ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n agbára ọba ni ó ń kéde, ewì ọba náà sì wà lára rẹ̀. Ní èrò tiwa, cong kékeré náà ni iṣẹ́-ọnà tí ó ga jù, nítorí pé ọwọ́ oníṣẹ́ ni a ń rí níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá pe lílọ̀ ní gbígbẹ́ ti gbàgbé ọjọ́ ayé tí àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí ná sórí òkúta; bẹ́ẹ̀, a kò mọ orúkọ wọn, ọjọ́ ayé náà nìkan ni ẹ̀rí tí wọ́n fi sílẹ̀.