Àmì Ohùn Lórí Gàrí Ìjẹ̀bú

Nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ikota Shopping Complex, lẹ́gbẹ̀ẹ́ VGC ní Èkó, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà tó mọ ẹ̀rọ Zebra tó ń tẹ lébẹ̀lì bí ẹni mowó. Kì í ya lébẹ̀lì lójú kọ̀ǹpútà. Kóòdù ló fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń pè ní ZPL: ^XA ló ń ṣí i, ^XZ ló ń pa á dé, ohun tó bá wà láàárín ni ẹ̀rọ máa tẹ̀.

Ìyá kan gbé gàrí wá, ó fẹ́ kí orúkọ ọjà òun, “Gàrí Ìjẹ̀bú”, ní àmì ohùn.

“Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yẹn á lè kọ ọ́ bó ṣe yẹ?”

“Á kọ ọ́, mà. Ẹ fún mi láyè díẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ o. Ẹ̀rọ náà ti lọ́jọ́ lórí, kò sí ẹ nínú àwọn lẹ́tà tó bá a wá. Ẹlòmíràn ì bá ní kí ìyá náà gbà á bẹ́ẹ̀ láìsí àmì, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọjà wa, ó sì máa ń dùn mí. Ọmọbìnrin yìí yan oríṣi lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní D, tí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: ^ADN,36,20. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wá gba dọ́ọ̀tì 24, àlàfo tó tẹ̀lé e wà nínú rẹ̀. Lébẹ̀lì fẹ̀ ní mílímítà 50. Dọ́ọ̀tì 8 ló wà nínú mílímítà kan, ó di 400. “Gari Ijebu” gba àyè 10, ìyẹn 240. Ó pín 160 tó kù sí méjì, ó bẹ̀rẹ̀ ní 80.

Àgbà iṣẹ́ wá dé. Orí ló fi ṣírò ibi tí e ti bẹ̀rẹ̀: 248. Ó fi ^GB4,4,4 kan dọ́ọ̀tì sábẹ́ rẹ̀ láàárín gbùngbùn, ní 256. Ó fi ^GD fa àmì ohùn márààrún: L fún èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀, R fún èyí tó ń gòkè. Dọ́ọ̀tì tó ti wà lórí i kékeré ńkọ́? Ó fi àpótí funfun pa á rẹ́, kó tó fa àmì lé e. Èyí ló wù mí jù lọ. Ta ni ì bá rántí?

Ríbọ́ọ̀nù ló fi tẹ̀ ẹ́. Bébà tí ooru nìkan ń kọ kì í pẹ́ ṣá, oòrùn ọjà sì le.

Èyí àkọ́kọ́ jáde, àmì orí ú fara kan lẹ́tà. Ó gbé e sókè ní dọ́ọ̀tì méjì, ìdámẹ́rin mílímítà, ó tún un tẹ̀. Ìyá náà gbé e súnmọ́ ojú, ó ka àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Tẹ igba fún mi.”

Ó kọ ^PQ200 sí i, ó fi ránṣẹ́.